Oṣù Mẹ́sàn-án Pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Tó Ń Rin Ìsàlẹ̀ Erédò

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, dókítà ní kí n máa rìn dáadáa, ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà, gọ́tà tí kò ní ìdérí àti àwọn ojúlùmọ̀ tó ń dá mi dúró láti kí mi, ìrìn 30 ìṣẹ́jú a máa di wákàtí méjì láìjẹ́ pé òógùn kan jáde lára mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ló sọ fún mi nípa ẹgbẹ́ kan tó máa ń kó ènìyàn lọ rìn nínú igbó lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní àyíká Erédò. Mo ti bá wọn rìn nígbà mẹ́fà láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kẹsàn-án, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò léwu fún ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 60. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí wọn, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀sùn mi di orúkọ tí ayé yóò máa fi pè wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn mẹ́fà ló ń darí wa: nọ́ọ̀sì tí mo wí yìí, fọgánáísà kan, ọmọ ọdẹ kan, awọnlẹ̀ kan àti àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Kò sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ nínú wọn.

Ẹni tí kò bá tíì dé Erédò rí lè rò pé òkè ni a ń gùn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ní òkè bíi ti Ìdànrè tàbí Olúmọ. Ohun tí a ní ni kòtò. Yàrà ni, èyí tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 160, tí wọ́n sì kó erùpẹ̀ tí wọ́n hú jáde jọ sí etí rẹ̀ lápá inú, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró ní ìsàlẹ̀ níbi tó jìn jù, ògiri tó wà níwájú rẹ̀ lè ga tó mítà 20. Ìtàn sọ pé Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé òun náà ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ orí yàrà náà kò gbè lẹ́yìn. Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO pé ó yẹ kí ó wà lára ogún gbogbo ayé. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa ń san owó ọkọ̀ láti lọ jìn sí i.

Kòtò yìí gan-an ni ewu ìrìn náà. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ibi tí ẹ lè gbà jáde kò pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù a máa kú, igi àti ìtàkùn a sì bo òkè yín mọ́lẹ̀ débi pé ẹ kò ní mọ̀ pé òjò ti ń ṣú. Ògiri rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ bí omi bá ti kàn án. Nítorí náà, ohun tí mo fi ń díwọ̀n ẹgbẹ́ tó bá ní òun fẹ́ mú mi lọ síbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mú mi jáde.

Wọn kì í gba ènìyàn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tuntun yóò kọ́kọ́ bá wọn rin kìlómítà mẹ́rin lójú ọ̀nà gbalasa ní àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń mí àti bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ àìsàn tó ń ṣe é sínú ìwé, oògùn tó ń lò àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ kan. Ojú kọ́kọ́ tì mí láti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ lójú àwọn tí mo ti nà ní ẹgba rí, ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé wọ́n ka ìwé náà, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ gbéra ni nọ́ọ̀sì ń bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá mo ti lo oògùn mi. Ẹ̀dà ìwé náà kan a máa wà nílé lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò bá wa lọ. Bí a kò bá tíì pè é títí aago méjì ọ̀sán, yóò pe ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà náà, yóò sì pe 112. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ṣòkòtò gígùn nítorí wèrèpè àti èsìsì, lítà omi méjì àti fèrè kan ni dandan. Mo fojú mi rí i tí wọ́n dá ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ sálúbàtà láti Èkó padà sínú ọkọ̀. Ó bínú, ó ní òun ti sanwó. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un lójú gbogbo wa.

Ìkà orí ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ ti wá. Olúkúlùkù ní nọ́ńbà, a ó sì máa ké nọ́ńbà wa lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìlàjì wákàtí. Èmi ni mo jẹ́ 17 nínú oṣù Kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti yọ ẹ̀gún tó há sí ìbọ̀sẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbórí sókè, n kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yẹ kó wà lẹ́yìn gbogbo ènìyàn ti sáré lọ síwájú láti ran ọkùnrin kan tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà lọ́wọ́, kò sì wẹ̀yìn wò. Kòtò náà dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ kan dá yàrà náà kọjá níbẹ̀, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé kí n gba apá ọ̀tún, nítorí ó dà bíi pé ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ènìyàn kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó bá ṣáko kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Kí ó fọn fèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó sinmi, kí ó tún fọn ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo jókòó, mo ń fọn fèrè bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Lẹ́yìn 12 ìṣẹ́jú ni ọmọ ọdẹ náà dé. Nígbà tí wọ́n ké nọ́ńbà níwájú lọ́hùn-ún, ohùn fò láti 16 bọ́ sí 18, gbogbo wọn sì dúró.

Ìkà orí ló gbà mí, ṣùgbọ́n kò yẹ kó di pé n ó ṣáko rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sẹ́yìn nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kò lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn kó tún máa tọ́jú aláìsàn. Mo sọ ọ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀, ohùn mi kò sì rẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fọgánáísà tó jẹ́ olórí wọn àti ẹni tó fi mí sílẹ̀ wá sílé mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Tísà, ẹ má bínú sí wa." Láti ìgbà náà, ènìyàn méjì ló ń wà lẹ́yìn, n kò sì tíì rí i kí àwọn méjèèjì kúrò níbẹ̀ pọ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó ku bíi kìlómítà kan kí a dé ibi tó jìn jù, tí àwọn tó wá láti Èkó àti Ṣágámù ti múra tán láti ya fọ́tò, ni ọmọ ọdẹ tó wà lókè etí yàrà fọn fèrè pé òjò ń bọ̀ láti ìhà gúúsù. Olórí wa kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ó ní kí a yí padà, kí a jáde ní ibi tí a ti gbà wọlé, nítorí omi a máa sàn láti oko sínú yàrà, ògiri tó ti rin sì lè ya. Àwọn ènìyàn kùn. Èmi náà kùn, mo ní òjò tí kò tíì kán. Nígbà tí a fi máa dé inú ọkọ̀, òjò náà ta díẹ̀díẹ̀, ó rọ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì dá. Àwọn kan fi olórí náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ìlú. Mo wò ó, kò dáhùn, kò sì bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń ka orí wa wọ ọkọ̀ ni. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n kò ní fi ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, nítorí ẹni tó lè yí padà nítorí òjò tí kò rọ̀ púpọ̀ yóò yí padà nígbà tí ó bá rọ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ejò ni wọ́n kò tíì múra sílẹ̀ fún tó. Ọká, paramọ́lẹ̀ àti sèbé wà nínú igbó wa, kò sì sí bàtà tó lè lé wọn kúrò níbẹ̀. Mo ṣí àpótí ìtọ́jú wọn ní oṣù Kẹrin: báńdéèjì, plásítà, oògùn ẹ̀fọ́rí àti sírọ́ọ̀bù ikọ́ kan tí mi ò mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń sọ fún àwọn ẹni tuntun pé bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, òun yóò fi okùn dè é pinpin lókè ojú ọgbẹ́, òun yóò fi abẹ gé e, òun yóò sì fa oró náà jáde. Nọ́ọ̀sì wa dá a lẹ́kun níwájú wa, mo sì dúpẹ́ fún un. A kì í gé e, a kì í fẹnu fà á, a kì í sì í dè é pinpin, nítorí okùn lè pa ẹsẹ̀ tí oró kò bá pa. Ohun tó yẹ ni kí a tu ẹni náà nínú, kí a bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú, kí a fi igi àti aṣọ ti ẹsẹ̀ náà bí ìgbà tí egungun bá ṣẹ́, kí a má jẹ́ kó rìn, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wo? Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kì í wà níbi gbogbo, wọn kò sì tíì béèrè ibi tó wà kí a tó gbéra. Ní oṣù Kẹsàn-án mo rí pákó pẹlẹbẹ méjì nínú àpótí náà. Ìbéèrè nípa abẹ́rẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ju àlejò lọ ni pé ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n. Nínú oṣù Keje a kò rìn rárá. Ìgbà Agẹmọ ni, tí àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún ń ti ìlú wọn bọ̀ wá sí Ìmọ̀sàn, tí obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ obìnrin lé ní ìdajì àwa tí a ń rìn. Ẹni tó bá wá láti ibòmíràn lè wo ojú ọ̀run nìkan kó tó mú ọjọ́. Àwọn wọ̀nyí a máa kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀, wọ́n a béèrè nípa Orò, wọ́n a sì béèrè ibi tí àwọn ọdẹ dẹ tàkúté sí. Nítorí àwọn ajínigbé, wọn kì í sọ ọ̀nà tí a ó gbà títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a kì í sì í gbé fọ́tò jáde kí a tó délé.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ti ń sọ pé kí a lọ sí igbó Ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀. Igbó ọba ni, láti ọdún 1925, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dáàbò bò ní 1977. Erin ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé n kò ní lọ. Ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ ejò kò tíì tó igbó erin wọ̀, àfi bí wọ́n bá gba àṣẹ, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì ṣáájú wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san, wọ́n ní fún ọkọ̀, ọdẹ tó ń ṣáájú, obì àti ọtí baálẹ̀ àti àpótí ìtọ́jú. N kò rò pé ó pọ̀ jù, n kò sì fura sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a kò lè jẹ́ Ìjẹ̀bú kí a má béèrè ìwé owó. Mo béèrè lọ́wọ́ akápò nínú oṣù Kẹfà. Ó ní, "Màmá, mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́." Mo tún béèrè ní oṣù Kẹjọ, ó ní ó ku díẹ̀. N kò tíì rí ìwé kankan, mo sì ti san ti oṣù Kẹwàá.