Ẹ̀dà Antigone tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ l'Óṣogbo: ó kù díẹ̀ káàtó

Owó rẹ̀ kò wọ́n, kò wúwo nínú báàgì, sípáírà tí wọ́n fi dì í sì le dáadáa. Ìyìn tí mo ní fún fọ́tòkópì Antigone, eré Gíríìkì àtijọ́ tí Sophocles kọ, tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ nílùú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jù báyẹn lọ.

Ìtumọ̀ F. Storr ti ọdún 1912 ni wọ́n dà kọ, èyí tí èdè Gíríìkì wà lójú ewé òsì, tí Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí i lọ́tùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n mú, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ojú ewé fi ń fo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má torí ìyẹn bá olùtajà fa wàhálà, kò sí ewé tó sọnù níbẹ̀. Apá òsì ewé ni àléébù gidi wà. Eré mẹ́ta ló wà nínú ìwé yẹn, ó nípọn, kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí gíláàsì ẹ̀rọ, ni òjìji dúdú bá gbé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà mì. Ká ní wọ́n tẹ ẹ̀yìn ìwé mọ́lẹ̀ dáadáa ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Orin àwọn elégbè ló jìyà jù. Àgbà ìlú Thebes 15 ni Sophocles fi ṣe elégbè, orin ńlá mẹ́fà ni wọ́n sì kọ. Nínú eré náà, Ọba Creon ní kí ẹnikẹ́ni má sin òkú Polyneices, ṣùgbọ́n Antigone, arábìnrin òkú náà, sin ín, ọba sì ní kí wọ́n sé e mọ́ inú ihò àpáta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo àwọn orin náà: lẹ́yìn tí Antigone àti Ismene àbúrò rẹ̀ bá pínyà, lẹ́yìn tí ẹ̀ṣọ́ bá kọ́kọ́ bá tirẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá mú ọmọbìnrin méjèèjì wọlé, lẹ́yìn tí Haemon, ọmọ Creon, bá fi ìbínú kúrò níwájú bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá mú Antigone lọ sí ihò àpáta, àti lẹ́yìn tí Creon bá sáré lọ tú u sílẹ̀. Nínú ẹ̀dà yìí, ìdajì ìkarùn-ún kò sí. Nílùú Dúró Ládiípọ̀ kẹ̀! Ó yẹ kí ẹni tó ń ta eré níbí mọ̀ pé orin kì í ṣe èènì.

Ewé kan wà tó mọ́ kedere, mo sì yìn wọ́n fún un. Lẹ́yìn tí Tiresias, aríran afọ́jú, ti kìlọ̀ tán, elégbè ní kí Creon lọ tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀, kó sì kọ́ ibojì fún òkú Polyneices. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn títí òjíṣẹ́ á fi dé. Òkú ni Creon kọ́kọ́ dá lóhùn: wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sun ún, wọ́n mọ òkìtì lé e lórí, kí wọ́n tó forí lé ihò. Antigone ti pokùnso. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi ibi méjèèjì wé ara wọn á kàn kọ ọ́ pé àyànmọ́ ni, bẹ́ẹ̀ Creon ló fi òkú ṣáájú alààyè.

Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ sọ bí eré náà ṣe rí lára yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìtàn fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ síbi tí Antigone ti sọ pé òun lè rí ọkọ mìíràn fẹ́, òun lè bí ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n bàbá òun àti ìyá òun ti kú, ibo ni arákùnrin mìíràn á ti wá? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní kì í ṣe Sophocles ló kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Aristotle, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, tọ́ka sí i. Ẹni tó bá mọ ohun tí ọmọ ìyá jẹ́ nílé wa á rí nǹkan bá a jiyàn níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ tọ́ka sí nọ́ńbà ìlà, ẹ má ra ẹ̀dà yìí rárá, nítorí ìlà eré náà tó bí 1,350, kò sì sí bí ẹ ṣe lè máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kíkà lásán ni, ìtumọ̀ Storr kan náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú kan bébà A4, kí ẹ sì fi àyè tó fẹ̀ sílẹ̀ lápá òsì, kí ihò sípáírà má baà tún lu ọ̀rọ̀.