Pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì fún táǹkì ẹja òkun: ó ń dún o, àmọ́ kò fẹ́ atẹ́gùn kankan

Òru tí ẹja mi kú, pọ́ǹpù yìí ń dún ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ó dákẹ́ ni, mi ò bá ti jí, torí etí mi ti mọ ìró ẹ̀, tó bá yí padà pẹ́nrẹ́n màá gbọ́. Àmọ́ ó ń kùn nìṣó, iná gíríìnì ara ẹ̀ ń tàn, bátìrì kún dáadáa, atẹ́gùn kankan ò sì jáde níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wáàtì tó ń jẹ, kó lọ ka ara páálí. Ohun tí mo rà á fún ò ju ẹyọ kan lọ: tí wọ́n bá mú iná lọ, tí pọ́ǹpù ńlá tó ń yí omi po bá kú, kí òun fúnra ẹ̀ bọ́ sórí bátìrì kó máa fẹ́ atẹ́gùn sómi títí iná á fi dé. Mọ́lípà ni mò ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹ ò nílò kí n tún máa ṣàlàyé iná fún yín. Táǹkì lítà 200 ni tèmi, ẹja òkun ló wà níbẹ̀: clownfish méjì, damsel mélòó kan, àti yellow tang kan tí owó ẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó táǹkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, tiyín rọrùn, àrọ̀ á yọrí, á gba atẹ́gùn lókè, á padà sísàlẹ̀. Àwọn ẹja òkun tèmi yìí ò ní irú ọgbọ́n yẹn. Omi iyọ̀ gan-an kì í gba ọ́síjìn tó omi kànga: tí ooru omi bá wà ní 25°C, lítà kan omi tí ò níyọ̀ lè gba bíi mílígíráàmù 8, ti òkun ò pé 7, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ń dín kù. Ẹ wá ro ti oṣù kẹta, fáànù ò ṣiṣẹ́, fèrèsé wà ní pípa nítorí ẹ̀fọn. Òru ló tún wá burú jù, torí àwọn coral (ẹ̀dá inú òkun tó jọ òkúta) àti ewé inú omi tó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ nígbà tí iná bá ń tàn sí wọn, tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń gbé ara òkúta náà ń fà á, gbogbo wọn pẹ̀lú ẹja wá ń jẹ nínú àwo kan.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn ṣá, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, mo yìn ín fún gbogbo ayé. Iná á lọ, kí n tó ṣẹ́jú ó ti bọ́ sórí bátìrì. Ó máa ń gbé òru mọ́jú. Wọ́n sì fi fáàfù kékeré kan sí ọ̀nà rọ́bà ẹ̀ tí kì í jẹ́ kómi táǹkì fà padà wá sílẹ̀ tí pọ́ǹpù bá dákẹ́. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìdómowó tó ra irú míì, kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mu omi iyọ̀ yó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Àlájà, ìyá mi, wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó, pálọ̀ ni wọ́n sùn sí. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin ìdájí wọ́n dìde fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, ni mo bá gbọ́ ohùn wọn: "Ràṣídì, dìde wá wo àwọn ẹja ẹ o, ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo dé pálọ̀, ẹ̀rín tán. Gbogbo wọn ti tò sójú omi, ẹnu wọn ń yà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń ṣí ń pa wéréwéré. Tang ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́bàá òkúta. Mo fa ọ̀pá rọ́bà yọ nínú omi, mo gbé ẹnu ẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ko sí nǹkan kan, ko sí rárá, pọ́ǹpù sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi kejì bí ẹni ń ṣiṣẹ́.

Epo ti tán nínú jẹ́ẹ̀nì, ilé epo wo ló ń ta nídàájí? Mo fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ilé ìtajà tí mo ti rà á l'Ékòó. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, kọ́sítọ́mà wa àtàtà! Kí lẹ fẹ́ rà lónìí?" pẹ̀lú ìwé iye owó ọjà gígùn gbọọrọ. Díẹ̀ ló kù kí n la fóònù mọ́lẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti yí padà nìyí. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ọmọrí páálí, wọ́n kọ "oníṣẹ́" síbẹ̀. Mo pè é láìretí. Ọmọkùnrin kan gbé e! Ó ní iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládùúgbò àwọn, òun ń lọ aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú pọ́ǹpù, ó dá mi dúró: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pọ́ǹpù yẹn sílẹ̀ ná, ẹja la fẹ́ gbà. Ẹ mú jọ́ọ̀gì, ẹ bu omi inú ẹ̀, ẹ gbé e sókè dáadáa, ẹ máa dà á padà. Ojú omi ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ ṣáà jẹ́ kójú omi máa dàrú." Màmá mi gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi, wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n ń bù wọ́n ń dà. Ọmọkùnrin náà tún ní kí n wo fírísà bóyá piọ́ wọ́tà kankan ṣì dì, kí n fi léfòó sínú táǹkì kí omi lè tutù díẹ̀, "àmọ́ ẹ má ya ọ̀rá ẹ̀ o, omi tí ò níyọ̀ ò gbọdọ̀ wọbẹ̀." Ọmọ yìí ò pa fóònù títí tí àwọn clownfish fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Tang ti kú ní tiẹ̀.

Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ló ní kí n tú ìdí pọ́ǹpù. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀, apá kékeré kan ló máa ń gbọ̀n tì í tí atẹ́gùn fi ń jáde. Rọ́bà yẹn ló ti ya, ó ya tín-ín-rín létí ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ apá yẹn. Ìdí nìyẹn tí apá fi ń gbọ̀n, tó ń pariwo, tí ohunkóhun ò jáde. Iná gíríìnì yẹn, bátìrì nìkan ló ń jẹ́rìí sí, kò mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, kí ló dé? Ohun tó yẹ kó jí èèyàn lóru, òun ló ń tan èèyàn sùn!

Ọmọ náà yọ rọ́bà tuntun, ó wéébíìlì ẹ̀ fún mi, mo gbà á lọ́wọ́ dírẹ́bà ní gáréèjì. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ọ̀gá wọn pè, ó ní ta ló sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ó ní wàráńtì ò kan rọ́bà, kò kan ẹja, kí n san owó rọ́bà àti wéébíìlì. Mo ní ẹja mi kú. Ó ní, "Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú náà ṣá, owó kékeré báyìí!" Háà. Kò bá mi kẹ́dùn, kò béèrè iye tó kú, ìran mi ló bá wí. Mo san án, torí ọmọ yẹn ni mo ṣe san án, kí wọ́n má lọ yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀.

Rọ́bà tuntun ti wọlé, ó ń fẹ́ atẹ́gùn bíi tàtijọ́, mo sì ti ra ẹyọ kejì kún un, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi wọ́n sí igun táǹkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gba rọ́bà àpamọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, inú ọmọrí páálí sì ni kẹ́ ẹ ti wo nọ́ńbà, ẹ má dààmú ara yín lórí WhatsApp.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tí mo yọ yẹn, ti ọ̀gá wọn ni.