Lọ́yà mọ tiẹ̀, sọ́fẹ́yọ̀ náà mọ tiẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́. Lọ́yà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mọ ìwé kọ, àgírímẹ́ǹtì ẹ̀ pé, rìsíìtì pé, owó ló kù kí n san, àmọ́ ìgbà tí mo bi í pé ṣé ìjọba ò gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ yìí, ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun, kí n wá sọ́fẹ́yọ̀, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilẹ̀, lọ.

Mo bá rí ìyá kan tó jẹ́ sọ́fẹ́yọ̀ l'Ákóbọ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n mọṣẹ́! Wọn ò gbára lé ìwé tọ́mọ onílẹ̀ fún mi rárá, wọ́n gbẹ́rọ, a jọ lọ síbẹ̀, wọ́n mú nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ náà wà, wọ́n gbé e lọ ṣe charting (ìyẹn ni kí wọ́n fi nọ́ńbà yẹn wo ibi tí ilẹ̀ náà bọ́ sí lórí máàpù ìjọba) l'ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, ibẹ̀ la ti rí i pé ìdajì ẹ̀ ti bọ́ sínú ilẹ̀ tíjọba gbà. Orí ló yọ mí! Wọ́n tún fi máàpù ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi.

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ, ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú, owó wọn náà ò kéré. Ṣùgbọ́n màá tún padà lọ bá wọn kí n tó ra òmíràn.