Ẹ̀kọ lásán àbí ẹ̀kọ tó ní sóyà àti edé?

Ní Láfẹ́nwá, ìyá tí owó ọwọ́ ẹ̀ ò tó nǹkan lè ra ògì, kó po ẹ̀kọ, kó bu ṣúgà sí i, ọmọ á sì mu ún yó. Kò wọ́n, ó sì yá. Àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú yíyó yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ló ń bá eèrí lọ. Ewúrẹ́ ló wá ń jàǹfààní ẹ̀! Ọmọ tó bá ń mu ẹ̀kọ lásán ṣáá, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè wú, kí irun ẹ̀ máa pọ́n. Àwọn kan á tún ní ó sanra.

Ẹ̀kọ kejì, ògì kan náà ni, àmọ́ kó ki díẹ̀, kí wọ́n ro lẹ́búlẹ́bú sóyà àti edé mọ́ ọn. Kí wọ́n yan sóyà náà dáadáa kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, torí tútù ẹ̀ kì í dà nínú ọmọ. Iná àti owó ẹ̀rọ ni wàhálà ibẹ̀. Síbẹ̀, èyí ni mo fara mọ́. Bí owó ò bá ká sóyà, kí wọ́n fi owó ṣúgà ra edé.

Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6 ò nílò ìkankan nínú méjèèjì, ọmú nìkan ni tiẹ̀. Láti oṣù 6 sí 8, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọdún 2.