Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe irin àtẹ̀gùn ní Ìkòròdú: ẹ wo ìdí òpó kí ẹ tó san owó tán

Ẹ̀yin ará wa tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìgbógbó, Agric àti gbogbo Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Oníṣẹ́ irin kan ń kiri àwọn ilé tuntun lágbègbè wa, ó ń ṣe irin ìdìmú àtẹ̀gùn, stainless, ní owó pọ́ọ́kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìdí òpó ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà.

Ó ṣe é nílé àǹtí mi. Kò pẹ́ tó gba owó tán ni òpó tó wà lókè pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. A pè é, ó ní góòmù ni kò tíì gbẹ. Góòmù kẹ̀! A fa ìdérí róbótó ìdí òpó náà sókè, kí la rí? Skúrúù kéékèèké méjì nínú ike, góòmù dúdú yí wọn ká. Ihò mẹ́rin ló wà lára irin pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí òpó náà, méjì ṣófo. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ń sá gòkè sá sọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àyà mi já.

Táìsì kì í sábà nípọn ju bíi 1 cm lọ. Símẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lè tó 3 sí 5 cm, kó tó wá kan kọnkéré gan-an. Skúrúù tí kò gùn ju 5 cm lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé táìsì àti símẹ́ǹtì yẹn nìkan ló dì mú. Bí àgbàlagbà bá sì fara ti òpó tó ga tó mítà kan, ìdí rẹ̀ ni gbogbo agbára yẹn ń hú, ó sì ń di ìlọ́po-ìlọ́po níbẹ̀ torí pé ìdí náà kò fẹ̀.

Rawl bolt 10 mm, ìyẹn bóòtù irin tó máa ń fẹ̀ di inú ihò mú, ni kí ẹ bèèrè, mẹ́rin fún òpó kọ̀ọ̀kan, kó gùn débi tí yóò fi wọ inú kọnkéré fúnra rẹ̀ ní 6 cm ó kéré tán. Kí wọ́n fẹ́ eruku inú ihò jáde kí wọ́n tó ki bóòtù bọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dì í mú dáadáa. Kí ihò má sún mọ́ etí àtẹ̀gùn jù, kọnkéré lè ya. Tí ẹ kò bá tíì lẹ táìsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ de òpó mọ́ kọnkéré. Ìyẹn ló dára jù.

Oníṣẹ́ irin yìí tún máa ń fi òòfà han oníbàárà pé 304, irú stainless tí kì í tètè dógùn-ún, ni irin òun. Ẹ má gbà. Òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ fa 304, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fa 201, irú stainless mìíràn tí nickel inú rẹ̀ kéré, tó sì tètè ń dógùn-ún. Kí ó kọ 304 sórí rìsíìtì, pẹ̀lú àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù. Ti àǹtí mi kò ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ẹ di owó díẹ̀ mú títí ẹ ó fi ṣí gbogbo ìdérí, tí ẹ ó sì mi òpó kọ̀ọ̀kan wò. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣí, ẹ má san án.

Ẹ̀yin tí ó ti bá ṣe tiyín tán, ẹ má da irin náà nù. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè tú u, kó gbẹ́ ihò tó jìn, kó tún un dè. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti fọ́tò ìdí òpó, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi, kí a lè jọ gbé ẹ̀sùn náà lọ sí LASCOPA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà.