PostgreSQL nídìí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ẹ ṣọ́ àmì ìyọkúrò

Èmi ni mo ń bójú tó ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Àwọn màmá aládìrẹ, oníṣòwò Ọjà Ọba àti tíṣà ló pọ̀ jù nínú wa. Owó ń wọlé, owó ń jáde, ẹni tó bá sì jẹ gbèsè, àmì ìyọkúrò ló máa ń wà níwájú iye owó rẹ̀. PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tó sì ń gba àṣẹ ní èdè SQL, la fi ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó le.

Ẹ wo fọ́múlà tó ń sọ iye tí ayáwó máa san lóṣooṣù. Ẹni tó yá ₦120,000 fún oṣù 12, tí èlé jẹ́ 1% lóṣù, ₦10,661.85 ló máa máa san. Nínú Excel, `1.01^-12` (1.01 tí a gbé sí agbára -12) tó wà nínú fọ́múlà yẹn ń lọ geere. PostgreSQL kọ̀ ọ́: `operator does not exist: numeric ^- integer`. Ohun tó fà á ni pé PostgreSQL gba oníṣẹ́ láyè láti dá àmì ìṣirò tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ó máa ń so àwọn àmì tó bá fara kanra pọ̀ di ẹyọ kan. Ìlànà rẹ̀ ni pé àmì alápapọ̀ kò gbọdọ̀ parí sí `-` tàbí `+`, àfi tí irú `^`, `%`, `@` tàbí `|` bá wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `2*-3` àti `x=-1` fi dára, tí `7%-3` àti `@-5` kò sì dára. Ẹ fi àlàfo sáàárín wọn, ó tán. Inú mi dùn sí i pé ó ń pariwo dípò kó máa méfò.

`-32768::smallint` náà máa kọ̀, torí `::`, tó ń sọ irú nọ́ńbà tó máa jẹ́, ló ń kọ́kọ́ mú 32768, tó ti pọ̀ jù fún `smallint` (irú nọ́ńbà kékeré), kí àmì ìyọkúrò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkámọ́ ló máa tún un ṣe.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni `--`, torí òun kì í pariwo rárá. Ká ní sọ́fítíwíà kan ń lẹ nọ́ńbà mọ́ inú ìbéèrè (àṣẹ SQL tó ń rán sí PostgreSQL), tó wá kọ `SET owo = 10000--2000 WHERE id = 7`. Ẹni tó kọ ọ́ ń retí 12000. Lójú PostgreSQL, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé `--` lórí ìlà yẹn jẹ́ àlàyé lásán, títí kan WHERE tó ń sọ ọmọ ẹgbẹ́ tí àṣẹ náà kàn! Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, olówó àti onígbèsè, á di ẹni tó ní ₦10,000. MySQL, sọ́fítíwíà mìíràn tó jọ ọ́, ní tirẹ̀ ń béèrè àlàfo lẹ́yìn `--` kó tó kà á sí àlàyé, nítorí náà 12000 ló máa rí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá bá a pàdé: ní 2024, wọ́n tún pgjdbc tí àwọn oníṣẹ́ Java fi ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀ ṣe ní ẹ̀dà 42.7.2, torí ní ọ̀nà `preferQueryMode=simple`, tí òun fúnra rẹ̀ ti ń lẹ nọ́ńbà mọ́ inú ìbéèrè, nọ́ńbà odì lè bá àmì ìyọkúrò ṣe `--`, kí olè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tó ń ṣe sọ́fítíwíà fún àwọn ẹgbẹ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ lo `$1`, àmì tó ń di àyè nọ́ńbà mú nínú ìbéèrè, kí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ máa lọ lọ́tọ̀. Owó àwọn ìyá wa ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. `--` ló gba ìkarùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà SQL fúnra rẹ̀ ló ti wá.