Ẹ ṣọ́ra fún projẹ́kítọ̀ tí wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé aṣọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀rọ tí yóò tan àwòrán sára aṣọ, tí àwòrán náà yóò sì máa bá aṣọ yí bó bá ṣe ń yí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lu ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ orí ìtàgé ni mò ń ṣe. Mo rí fídíò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ìtàgé: òdòdó ń tanná lára aṣọ funfun tí atẹ́gùn ń fẹ́, bí aṣọ ṣe ń ṣẹ́po ni òdòdó náà ń bá a ṣẹ́po. Ó ní projẹ́kítọ̀ òun ló ń ṣe é. Mo sanwó. Ohun tó dé ọwọ́ mi ni projẹ́kítọ̀ tí a fi ń wo fíìmù nílé, kámẹ́rà kékeré tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, àti sọ́fítíwíà kan.

Nígbà tí a ta aṣọ sójú kan, àwòrán rẹ̀ dùn-ún wò. Àfi ìgbà tí oníjó wa gbé apá sókè: òdòdó dúró sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wá apá náà rí. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní yàrá wa kò ṣókùnkùn tó. A dí fèrèsé. Ó ní aṣọ wa ń dán jù. A pààrọ̀ aṣọ. Ó ní kọ̀ǹpútà wa ló ń falẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè mi mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà wo fídíò rẹ̀, tí mò ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan kọjá níwájú aṣọ, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ní òjìji kankan lára òdòdó tó wà lẹ́yìn wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti iwájú bọ̀ lóòótọ́, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dí i. Èyí tó tún wá burú jù: àárín òdòdó náà dúdú kirikiri, ó dúdú ju inú ìṣẹ́po aṣọ lọ. Projẹ́kítọ̀ kò lè tan òkùnkùn. Ibi tó bá yẹ kó dúdú, kò ní tan nǹkan kan síbẹ̀ ni, funfun aṣọ lẹ ó sì máa rí. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti lẹ òdòdó yẹn mọ́ aṣọ.

Kí n sọ òótọ́, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tokyo ní Japan ṣe é: wọ́n fi yíǹkì tí ojú lásán kò rí tẹ àmì kéékèèké sára aṣọ, kámẹ́rà tó yára ń ka àwọn àmì náà, projẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní DynaFlash sì ń tan àwòrán 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọ́n tà fún mi ń tan 60. Bí ọwọ́ oníjó bá ń sáré mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àwòrán kan tó tẹ̀ lé èkejì, ọwọ́ ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ. A ò tíì ka àkókò tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ń jẹ.

Bó bá jẹ́ ohun tí kì í yára yí padà lẹ fẹ́ lò, bí iyanrìn, projẹ́kítọ̀ lásán tó. AR Sandbox, ìyẹn àpótí iyanrìn tí àwòrán ń tàn sí, tó sì ń yí bí ẹ bá ṣe ń kó iyanrìn náà, tí Oliver Kreylos ṣe ní yunifásítì UC Davis ní Amẹ́ríkà, ń lo projẹ́kítọ̀ lásán àti Kinect, kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, ọ̀fẹ́ sì ni sọ́fítíwíà rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pè yín lórí fídíò, kó gbọn aṣọ náà lójú yín, kó na ọwọ́ síwájú rẹ̀, kó sì gbé fóònù láti ara projẹ́kítọ̀ dé ara aṣọ láìdá a dúró. Ẹ bi í pé kí ló ń sọ fún ẹ̀rọ náà bí aṣọ ṣe rí. Ẹ bi í iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ bí iná rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó nìkan ló ń sọ, ẹ máa lọ.

Fídíò yẹn ṣì wà níta. Ó ti pa orúkọ tó fi ń tajà dà, ṣùgbọ́n aṣọ funfun yẹn náà ni, ọwọ́ tó ń kọjá níwájú rẹ̀ sì wọ òrùka sí ìka àárín.